Agboòrùn Ìta Ilé: Báwo Ni Kí Ó Ti Fẹ̀ Tó?

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ agboòrùn ni a ó yẹ̀ wò lónìí, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní kí ni ó wà nínú agboòrùn tí àgbàlagbà yóò fi jókòó máa sọ̀rọ̀ lé e lórí? Ṣebí kí ènìyàn lọ sí ọjà ni, kí ó ra èyí tí agbára rẹ̀ ká, kí ó gbé e wálé, kí ó sì ṣí i? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, tí mo rántí ohun tí ojú èmi àti àwọn àbúrò mi rí nínú ọ̀ràn ìyá wa, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀, mo sì gbà láti wá.

Kì í ṣe agboòrùn tí a ń fi ọwọ́ mú rìn ni mo ní lọ́kàn. Agboòrùn ńlá ni, èyí tí a ń rì mọ́ ojúde tàbí àgbàlá, tí a sì ń gbé àga sí abẹ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ni ìyá ẹlẹ́wà ń lò ní etí títì. Irú rẹ̀ náà ni àwọn tí ń ta ìpè tẹlifóònù rì sí gbogbo ìkóríta láti ọdún 2001, nígbà tí tẹlifóònù alágbèéká gbòde ní ilẹ̀ wa.

Ìyá wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí bàbá wa kọ́. Àìsàn kan dá wọn dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, nígbà tí ara wọn sì yá, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ọjà kò ṣe é lọ. Òde kò ṣe é lọ. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí ó ń mú inú wọn dùn ni kí wọ́n jókòó sí ojúde láti nǹkan bí aago 1 ọ̀sán títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kí àwọn tí ń ti ọjà bọ̀ máa yà kí wọn, kí àwọn náà sì máa bi olúkúlùkù léèrè ìyàwó, ọmọ àti àna. Nígbà kan rí, igi ọ̀dán kan wà níwájú ilé náà tí òjìji rẹ̀ gba ogún ènìyàn. Wọ́n gé e nígbà tí wọ́n ń fẹ ojú títì. Láti ìgbà náà, oòrùn ni ó ni ojúde wa.

Àbúrò mi kan ni ó ra agboòrùn àkọ́kọ́. Ó dára ní wíwò, aláwọ̀ ewé ni, ẹsẹ̀ bàtà 6 ni ó fẹ̀. A rì í mọ́lẹ̀, a gbé àga ìyá wa sí ìdí ọ̀pá rẹ̀, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹta, mo yà níbẹ̀ ní nǹkan bí aago 3 àbọ̀. Mo bá agboòrùn ní ìdúró, ó na aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́lá-lọ́lá, kò sí ẹnì kankan lábẹ́ rẹ̀. Ìyá wa ti fa àga wọn lọ sí ẹ̀bá ògiri ilé ẹ̀gbẹ́ wa, níbi tí ibòòji tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Mo ní, "Ìyá, ẹ kò sí lábẹ́ agboòrùn?" Wọ́n ní, "Èmi wà lábẹ́ rẹ̀ o, oòrùn ni kò mọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹni tí a ra agboòrùn fún kí ó lè máa rí àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó wá kọ ẹ̀yìn sí wọn nítorí oòrùn.

Kí ni a ṣe tí kò dára? Aṣọ agboòrùn ni a wọ̀n, a kò wọn òjìji rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í sì í gbé ibì kan náà, àfi nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí gan-an. Ní Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni oòrùn ọ̀sán ń dúró ṣánṣán sí àtàrí wa láàárín ọdún: ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kejìlá, ìhà gúúsù ni ó ń gbà kọjá, tí òjìji ọ̀sán yóò sì tẹ̀ sí àríwá. Ọ̀sán gangan pàápàá kì í ṣe aago 12 bí agogo ti ń wí. Aago tí Nàìjíríà ń lò, ìlà kan tí ó kọjá ẹnu ààlà wa ní ìlà-oòrùn ni a fi gbé e kalẹ̀. Ìyẹn ni oòrùn ṣe máa ń pẹ́ kí ó tó bá agogo wa. Ní Ìbàdàn, ó di nǹkan bí aago 1 ku ìṣẹ́jú 15 kí ó tó dé òkè pátápátá. Ẹni tí ó bá rò pé oòrùn ti ń rọlẹ̀ ní aago 2, kí ó tún èrò rẹ̀ pa.

Bí oòrùn bá ti kúrò ní àtàrí, òjìji a ṣí kúrò ní ìdí ọ̀pá. Ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹsàn-án, ní nǹkan bí aago 4 ku ìṣẹ́jú 15, òjìji ènìyàn a máa gùn gẹ́gẹ́ bí ènìyàn fúnra rẹ̀ ti ga. (Ní oṣù kejìlá, aago 3 ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀.) Ní àkókò náà, bí etí aṣọ agboòrùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 sí ilẹ̀, àárín òjìji rẹ̀ yóò bọ́ sí ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 7 sí ìdí ọ̀pá, ní ìhà ìlà-oòrùn. Orí ẹni tí ó jókòó sì máa ń wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 sí ilẹ̀. Nítorí náà, ní ibi gíga tí orí wà, òjìji náà ti fi ẹsẹ̀ bàtà 3 ṣí kúrò. Agboòrùn tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ẹsẹ̀ bàtà 3 péré ni ó nà láti ọ̀pá dé etí. Ẹ wá rí i pé ẹni tí ó jókòó sí ìdí ọ̀pá, etí òjìji gan-an ni orí rẹ̀ bọ́ sí; àyà, itan àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú oòrùn pátápátá. Òótọ́ ni ìyá wa sọ.

Agboòrùn ọba kò ní irú ìṣòro yìí. Bí ọba bá jáde, ìránṣẹ́ ni ó gbé agboòrùn dání; bí ọba bá yà, òun náà a yà; bí oòrùn bá yí, a yí agboòrùn sí i. Kò pọn dandan kí ó fẹ̀ kí òjìji rẹ̀ tó lè bá kábíyèsí níbi tí wọ́n wà, nítorí ẹnì kan ń bẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí òjìji má ṣìnà. Bí a bá rí i pé ó fẹ̀, ti ọlá ni ìyẹn. Agboòrùn tiwa, mọ́lẹ̀ ni a rì í sí. Nítorí náà, ohun tí ìránṣẹ́ ọba ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, fífẹ̀ aṣọ ni yóò bá wa ṣe é, tàbí kí àwa fúnra wa máa gbé àga kiri.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí kí ẹnikẹ́ni tó yọ owó lápò: ta ni yóò jókòó lábẹ́ rẹ̀, ǹjẹ́ ó sì lè máa dìde ṣí àga? Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ kàwé, ẹsẹ̀ bàtà 6 tó o. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni kí ó máa fa àga tẹ̀lé òjìji. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, aláboyún, ìyá tí ọmọ ń sùn lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọlọ́jà tí kò lè fi àtẹ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn wọ̀nyí kò lè máa sá tẹ̀lé òjìji. Àwọn ni agboòrùn gbọ́dọ̀ fẹ̀ fún.

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ bí yóò ti fẹ̀ tó láìsí ìṣirò rárá. Bí ọmọ kékeré kan bá wà nílé, ẹ pè é. Ẹ wá ọ̀pá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7, kí ọmọ náà dì í mú ní òró ní ibi tí ẹ fẹ́ rì agboòrùn sí. Ẹ wo ibi tí òjìji orí ọ̀pá náà bọ́ sí ní wákàtí tí ẹ kọ́kọ́ máa ń jókòó, ẹ fi òkúta kan sàmì sí i. Ní wákàtí tí ẹ máa ń dìde, ẹ tún wò ó, ẹ fi òkúta mìíràn síbẹ̀. Òkúta kọ̀ọ̀kan ni àárín òjìji agboòrùn yín ní wákàtí náà. Ẹ wá mú okùn tí ó gùn tó ìdajì fífẹ̀ agboòrùn tí ẹ fẹ́ rà, ẹ di ìdí rẹ̀ mú lórí òkúta kìn-ín-ní, ẹ fi orí rẹ̀ fa ìlà roboto sí ilẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní òkúta kejì. Ibi tí roboto méjèèjì bá ti wọ ara wọn ni ilẹ̀ tí kò ní rí oòrùn láti ìjókòó dé ìdìde. Bí àga yín bá gba ibẹ̀, pẹ̀lú àyè tí ẹ ó na ẹsẹ̀ sí, agboòrùn náà tó. Bí roboto méjèèjì kò bá tilẹ̀ fi ara kan ara wọn, ẹ fi owó yín sínú àpò.

Nígbà tí a ṣe èyí ní ojúde wa lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ohun méjì ni ó yà wá lẹ́nu. Èkíní ni pé ìdí ọ̀pá kọ́ ni ibi tí àga yẹ kí ó wà. Fún ẹni tí ń jókòó ní ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, kí ọ̀pá wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹni tí ń jókòó ní òwúrọ̀, kí ó yí i padà. Èkejì ni pé ẹsẹ̀ bàtà 9 ni ó tó ìyá wa. Bí ó bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí àga wọn sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà 3 sí ọ̀pá, wọ́n wà nínú òjìji ní ọ̀sán gangan, wọ́n sì tún wà nínú rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ nígbà tí òjìji ènìyàn bá gùn tó ènìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, bí aago 5 bá ti ń lù, kò sí agboòrùn tí ènìyàn lè rà tí yóò dí oòrùn tí ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, àfi èyí tí a lè tẹ orí rẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tí ó bá sì ní ògiri gíga ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ògiri náà yóò bá a gba iṣẹ́ yẹn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má ṣe gba ohun tí a kọ sí ara agboòrùn gbọ́ láìfi okùn wọ̀n ọ́n. Àwọn kan a máa wọn aṣọ bí ó ti tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́, láti etí kan gun orí, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ sí etí kejì. Òjìji kì í tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn. Láti etí dé etí, ní gbọọrọ, lábẹ́ aṣọ, ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n.

Fún ẹni tí ó ní tábìlì, ó rọrùn: kí agboòrùn fi ẹsẹ̀ bàtà 2 yọ jù tábìlì lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀yìn àga ni ènìyàn ń jókòó sí, kì í ṣe orí tábìlì. Tábìlì tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 yóò gba agboòrùn ẹsẹ̀ bàtà 8. Bí ẹ bá rí oníguun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8, ó ju roboto ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ dáadáa, nítorí àwọn igun rẹ̀ ń bo ibi tí roboto kò dé. Bí àwọn ènìyàn bá ti ju mẹ́jọ lọ, mo rò pé kí a pa ọ̀rọ̀ agboòrùn tì, kí a pa àtíbàbà. Àwọn bàbá wa kò ya òmùgọ̀ tí wọ́n ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe é.

Mo ń bọ̀ sórí èyí tí ó le jù. Ẹ ó rántí pé mo ní lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni a wá lo òkúta àti okùn. Kí a tó gbọ́n, a kọ́kọ́ gọ̀ sí i. Èmi ni mo gọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàtà 6 kò tó, mo ní kí ni a ń fi ìyà jẹ ara wa sí? Mo lọ ra ẹsẹ̀ bàtà 12. Mo gbé e dé, mo sì kì í bọ inú ìdí tí a rà mọ́ ti àkọ́kọ́, nítorí pé ihò rẹ̀ gbà á.

Ẹsẹ̀ bàtà 12, ìlọ́po méjì 6 ni lójú. Ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Aṣọ ni afẹ́fẹ́ sì ń mú, kì í mú fífẹ̀. Oṣù kẹrin ni a wà. Gbogbo wa mọ ìjì tí ń ṣáájú òjò ní àkókò yẹn: ojú ọjọ́ á dákẹ́, ìlà-oòrùn á dúdú, eruku á dìde, kí ènìyàn sì tó sọ pé "ẹ kó aṣọ" ó ti dé. Wọ́n ti mú ìyá wa wọlé, ọpẹ́ ni fún Olódùmarè. Agboòrùn ni wọn kò pa. Ìjì náà fa á tu pẹ̀lú ìdí rẹ̀, ó gbé e kọjá ọgbà, ó sì fi orí rẹ̀ gún àgbàlá ilé ẹ̀gbẹ́ wa, ní ibi tí ọmọbìnrin ilé náà ti ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ mú atẹ́ ni. Àga ìjókòó rẹ̀ ni ọ̀pá irin náà lù, ó là á sí méjì.

A lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gba ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá wa kò gbà. Wọ́n ní, "Ẹ gbé nǹkan yín kúrò ní ojúde mi. N ó máa jókòó sínú ilé." Oṣù kan gbáko ni wọn kò fi jáde. Àwọn tí ń ti ọjà bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè bóyá àìsàn náà ti padà dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹni wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdí agboòrùn pẹ̀lú ohùn rara. Gbogbo ẹsẹ̀ bàtà tí ẹ bá fi kún aṣọ, ẹ gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìwọ̀n tí ó kéré jù ni nǹkan bí kílò 4 àbọ̀ fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ bàtà 9 yóò wá gba nǹkan bí kílò 40. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Èmi kì í bá yín ṣe ìṣirò tí ó há, kí ìdí náà wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì kan. Kò ní náni ní owó púpọ̀: táyà mọ́tò tí ó ti gbó, tí a ri páìpù irin dúró ní àárín rẹ̀, tí a sì da kọnkéré kún un, ohun tí àwọn ọlọ́jà wa ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Bí orí agboòrùn bá ní ihò tí a fi aṣọ kékeré bò, ó sàn, nítorí afẹ́fẹ́ a máa gba ibẹ̀ jáde, ooru náà a sì máa gba ibẹ̀ lọ. Síbẹ̀ kò sí ìdí tí ó wúwo tó kí a fi agboòrùn sílẹ̀ ní ṣíṣí de ìjì oṣù kẹrin. Pípa ni kí a pa á.

Ti aṣọ rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tí ó ki, tí àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n tàbí tí ó dúdú díẹ̀, ń dá ìtànṣán oòrùn dúró ju funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀rá ni wọ́n fi hun ún, nítorí náà kí ẹni tí ń dín àkàrà gbé iná rẹ̀ jáde kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí àgbàlá rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ kò sì gbọdọ̀ ra 9 kí etí rẹ̀ má baà máa ha ògiri bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́.

Bí a ti ṣe mú ìyá wa jáde nìyí. A kò sọ fún wọn pé a ra òmíràn. A kọ́kọ́ da táyà, ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. A wá fi ọ̀pá àti òkúta wọn ojúde ní ìṣojú wọn, wọ́n ń wò wá láti ojú fèrèsé, wọn kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n bèèrè ohun tí òkúta wà fún. Ọmọ ọmọ wọn ni ó ṣàlàyé fún wọn, ó sì ṣe é ju bí èmi ì bá ti ṣe é lọ. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ní kí a gbé àga wọn sí àárín àwọn òkúta náà, kí àwọn wò ó.

Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà lánàá tí mo lọ kí wọn, wọ́n dojú kọ ọ̀nà. Mo fẹ́ kó àwọn òkúta náà dànù kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹsẹ̀ kọ wọ́n, wọ́n ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Bí òjìji bá ti dé orí òkúta kejì, wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọ iléèwé ti fẹ́ máa kọjá.